Ilé Tí A Bá Wọn Bẹ̀rẹ̀ Kò Tíì Lórùlé: Ìpè sí Gbogbo Ọmọ Ìlú, Nílé Lóko

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ìlú níbikíbi tí ẹ bá wà, a kí yín o. A ò ní í tún ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ náà sọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ojú wa rí. Ọ̀rọ̀ ilé tí a ṣèlérí fún àwọn tí wọ́n dáná sun tiwọn la bá wá.

Ògiri ti dé lẹ́ńtẹ̀lì, ibẹ̀ ló sì dúró sí láti èṣí. Koríko ti hù ní yàrá. Màmá kan máa ń lọ gbá inú tiwọn láràárọ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ejò ṣáájú àwọn kó wọlé. Kíláàsì ilé ìwé ni wọ́n ṣì ń sùn, tọmọ-tọmọ.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ kiri pé a ti jẹ owó náà. Ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹ́. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 la ti ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin náà ń ra sìmẹ́ǹtì, ẹ mọ ibi tó bá a dé. Gbogbo rìsíìtì wà lọ́wọ́ akápò. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó máa bọ̀, ṣùgbọ́n kó mú rìsíìtì tirẹ̀ náà dání. Nítorí àwọn kan wà tó ṣèlérí ní gbangba, tí onílù kì, tí a pàtẹ́wọ́ fún títí ọwọ́ fi ń ta wá, tí wọn ò gbé fóònù mọ́. A ò dárúkọ. Ẹ mọ ara yín.

Àwọn ará òdìkejì odò ńkọ́? Ohun tó bá wa náà ló bá wọn. Wọ́n ti kan páànù tán, ẹ̀rọ tí àwọn ìyá fi ń lọ gbágùúdá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n tiẹ̀ ti fìwé ìṣílé ránṣẹ́ sí wa. Ojú wo la fẹ́ fi jókòó níbẹ̀? Àwa tí wọ́n ń wá kọ́ bí a ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ lọ́dọ̀ wa láti ayé àwọn baba wa!

Ẹ wo Bogoro ní Kóńgò, abúlé tí wọ́n kọlù ní oṣù kejì 2003. Nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé dájọ́ owó gbà-má-bínú ní 2017, ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ìkọlù náà ò ní kọ́bọ̀. Àpò ìrànwọ́ ilé ẹjọ́ náà ló gbà á rù, ìjọba Netherlands sì dáwó sí i. Dọ́là 250 ni wọ́n yàn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 297 tí ìkọlù náà ṣe ní jàǹbá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé, iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ fún gbogbo wọn lápapọ̀. Dọ́là 250 ò lè kọ́lé, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Bogoro fi bá Netherlands tan? Tiwa yìí, ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ọmú wọn la mu dàgbà.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà fún ẹni tó wà nílé, àádọ́ta fún ẹni tó wà lókè òkun. Àkáùntì ẹgbẹ́ wà lẹ́yìn káàdì yín. Ẹ kọ orúkọ agbolé sí i. Ìparí oṣù yìí ni gbèdéke.

Ẹni tí kò bá ká, kó san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ dákun, ẹ jọ̀ọ́, òjò ti ń ṣú. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, akọ̀wé yóò ka orúkọ ní agbolé-agbolé, tẹni tó san àti tẹni tí kò san. Ẹni tó bá san án láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, a ó kà á mọ́ àwọn tó san.

Àwa Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ẹgbẹ́