Àkànní, ta ló buwọ́ lu logbook rẹ?

Iléṣà

Àkànní ọkọ mi,

Ó di ọjọ́ 12 tí o ti gbé fóònù mi gbẹ̀yìn. Owó oúnjẹ tí mo fi ránṣẹ́, o ò tilẹ̀ ní "ó ti wọlé, Màámi". Ewúrẹ́ bí méjì. Orúnkún bàbá rẹ ti ń fúyẹ́. Atẹ́gùn ṣí páànù ilé ìdáná.

Ọjà Àtàkúmọ̀sà ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ń wádìí àwọn kan ní kíláàsì yín, pé wọ́n fọwọ́ ara wọn buwọ́ lu logbook, ìwé tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní wọ́ọ̀dù, lórúkọ ọ̀gá. Mi ò ní ìwọ ni o. Àbí ìwọ ni?

Mo mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Òru tí aboyún ń rọbí, o sùn, torí ó ti rẹ̀ ọ́. Ó wá ku ọjọ́ 2 kí ẹ kó ìwé sílẹ̀, àyè ìgbẹ̀bí mẹ́fà ṣì ṣófo. Ẹ̀rù kí wọ́n má fà ọ́ sẹ́yìn dé, ọ̀rẹ́ kan sì ní òun mọ bí kọnsọ́tántì, ọ̀gá dókítà yín, ṣe ń buwọ́ lùwé.

Ẹ rò pé àwa nọ́ọ̀sì ò rí yín! Bí gbogbo aláìsàn inú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ bá ń mí ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú kan, tí BP gbogbo wọn jẹ́ 120/80, a ti mọ̀ pé kò dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìṣẹ́jú kan gbáko la fi ń ka mímí. Di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni ń ka ìlù ọkàn, kó má mọ̀ pé àyà rẹ̀ lò ń wò. Bó bá mọ̀, mímí rẹ̀ á yí padà. Ọmọ oṣù 6 tó ń wúkọ́, tó ń mí ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, à ń fura sí òtútù àyà. Ẹni tó bá jókòó sí họ́sítẹ́ẹ̀lì tó kọ 30 ti ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa lọ sílé.

Gba ìbuwọ́lùwé lọ́jọ́ náà gan-an, kí o tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọ̀gá ò ní rántí ojú rẹ mọ́, ibẹ̀ ni èrú ti ń wọlé. Àyè tó bá ṣófo, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o lọ bẹ̀ wọ́n pé o fẹ́ wá gba iṣẹ́ òru sí i. Past question náà, dáhùn ún láìṣí ìwé, kí o tó wo ohun tí o ṣì. Ohun tí o bá kà, pa ìwé dé kí o kọ ọ́ láti orí. Tún un kọ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹrin, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ti ń ṣe èyí kì í wá expo kiri lóru ìdánwò.

Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fi ń sọ ọ́? Nígbà WAEC rẹ, owó "ìtọ́jú alábòójútó" tí wọ́n ní kí òbí dá, mo mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Mo san án, mo tún bú àwọn tí kò san. Láti ìgbà tí o wà ní pámárì ni mo sì ti ń pè ọ́ ní Dókítà lójú àlejò. Mo ti jáwọ́.

Olódo! Gbé fóònù. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, èmi ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kí bàbá rẹ tó gbọ́. Mo ti fi èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ lé awakọ̀ lọ́wọ́, lọ gbà á ní gáréèjì lọ́jọ́ Sátidé.

Màmá rẹ