Délé, má da starter yẹn sínú bíà

Iléṣà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Délé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù Winnipeg o. Mo rí lẹ́tà rẹ lórí íméèlì, mo sì rẹ́rìn-ín níbi tí o ti ní yìnyín ga dé ojú fèrèsé yín. Ìyàwó wa ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí. Ọyẹ́ ti wọ Iléṣà. Bí a bá nu tábìlì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán èèyàn á ti lè fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ starter, yíìsì tí o ń bí sí i nínú ìgò kékeré kí o tó dà á sínú bíà, torí o ní Sátidé tó ń bọ̀ lo fẹ́ dà á sínú bíà. Jọ̀ọ́, má dà á. O ní ó ń rùn bí omídùn, ẹni tó sì mu ẹ̀kọ dàgbà kò lè ṣi òórùn omídùn gbọ́. Yíìsì tí ara rẹ̀ dá máa ń rùn bíi búrẹ́dì, nígbà mìíràn a máa ní òórùn èso díẹ̀. Kíkan tí o ń gbọ́ yẹn, bakitéríà ló ni ín. Dà á nù, kí o bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Mo mọ̀ pé yóò dùn ọ́, torí owó lo fi ra yíìsì olómi yẹn. Ìwọ tún lè máa rò ó pé lítà 1 péré ni, kí ni lítà 1 fẹ́ fi lítà 20 ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Torí kí yíìsì lè pọ̀ la ṣe ń ṣe starter: a fún un ní ooru tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, a fún un ní ṣúgà, a ń rò ó tọ̀sán-tòru kó lè rí afẹ́fẹ́. Ohunkóhun tó bá bá yíìsì wọlé, inú àwo kan náà ló ti ń jẹun. Kò sí họ́ọ̀pù, òdòdó kíkorò tí a ń fi sínú bíà, nínú starter tí yóò dí bakitéríà lọ́wọ́, ọtí kò tíì wà níbẹ̀ tí yóò pa á, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì yára bí sí i ju yíìsì lọ. Ìba díẹ̀ tó bá wọ ìgò lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ogunlọ́gọ̀ lo máa dà sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́jọ́ Sátidé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé bí èèyàn bá máa ṣe ìmọ́tótó níbì kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ bíà, ìdí starter ni kó ti ṣe é.

Má sì wí fún mi pé ìyá yín àgbà tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ sanitizer, oògùn tí a fi ń pa kòkòrò lára ohun èlò. Òótọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rẹ̀ sì dùn. Àmọ́ kíkan wà lára adùn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Yíìsì àti bakitéríà jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná ni wọ́n fi ń mú tòní hó, a ó sì ti mu ún tán kó tó bàjẹ́. Ẹlẹ́mu náà kì í fọ akèrègbè rẹ̀ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan nídìí rẹ̀. Bíà tí ìwọ fẹ́ kó wà nínú ìgò fún oṣù bíi mélòó kan, kó má yí padà, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Emil Christian Hansen, ní ilé ìwádìí Carlsberg ní Denmark, ló yọ ẹyọ yíìsì kan sọ́tọ̀ ní 1883, tó bí i sí i títí tí wọ́n fi lè fi òun nìkan pọn bíà. Àwọn tó ń pọn Trophy ní Omi Asọ́rọ̀ níbí láti 1978, wọn ì bá má lè mú adùn ìgò kan bá ti èkejì mu láìsí irú iṣẹ́ yẹn. Starter rẹ, iṣẹ́ Hansen lo ń ṣe lórí tábìlì ìdáná.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá ibi tí olè gbà wọlé. Mo ka gbogbo ohun tí o kọ pé o ṣe, mo tún padà kà á. O fọ ìgò, o fi sanitizer tí wọ́n ń pè ní Star San ṣàn án, o wọn malt oníyẹ̀fun gíráàmù 100 sí omi lítà 1, o sè é fún ìṣẹ́jú 15. Mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Iná ti pa ohun tó yẹ kó pa. Ìgbà tí omi malt yẹn tutù tán ni kí a máa wádìí, kí a bi ohun gbogbo tó fara kàn án láti ìgbà náà.

O ní o gbé e sórí tábìlì láìbò ó, kó lè tètè tutù. Tábìlì wo, Délé? Nínú lẹ́tà kan náà lo ti ń fi ògì tí ìyàwó wa ń fi bùlẹ́ńdà lọ yangàn, pé ẹ kì í ra ẹ̀kọ onípáálí mọ́! Ìyàwó wa ò jẹ̀bi o, kí ó máa lọ ògì rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Lactiplantibacillus plantarum, bakitéríà tó ń mú ògì kan, tó ń pọ̀ bí eruku nínú omídùn, kò mọ ààlà láàárín ọpọ́n rẹ̀ àti ìgò rẹ. Bí omi gbígbóná bá ń tutù, afẹ́fẹ́ inú ìgò á sún kì, ìgò á wá máa fa ti ìta wọlé, pẹ̀lú gbogbo ohun tó bá ń fò nínú rẹ̀. Èmi tí mo wà nínú ọyẹ́ níbí, ká ní mo ń fi ẹnu ìgò sílẹ̀ gbayawu, àkàsù iyẹ̀pẹ̀ ni mi ò bá máa pọn.

Fọ́ìlì ni kí o lò. Gé e kó fẹ̀, kó bo ẹnu ìgò kó sì sọ̀ kalẹ̀ lára ọrùn rẹ̀, kí o fi bò ó nígbà tí omi malt ṣì ń hó nínú ìgò, kí ooru rẹ̀ lè se fọ́ìlì náà mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú márùn-ún ìgbẹ̀yìn. Ṣọ́ ọ o, torí omi malt máa ń ru sókè lójijì. Lẹ́yìn náà, pa iná, gbé ìgò sínú abọ́ omi tútù pẹ̀lú fọ́ìlì lórí, má ṣí i títí ara rẹ̀ yóò fi lọ sí bíi ìwọ̀n 20 sí 25 Celsius. Fọ́ìlì kò gbọdọ̀ fún mọ́ ọn. Yíìsì ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́, eruku ni kò ní lè gun òkè kó tún yí wọlé. Airlock, ìdérí tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kò wúlò níbí, o lè yọ ọ́ kúrò nínú ètò rẹ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí mo fura sí ni àlùmọ́gàjí. O fi í gé àpò yíìsì lẹ́yìn tí o mú un jáde nínú dúróò. Àlùmọ́gàjí ilé ìdáná! Èyí tí a fi ń gé ẹja àti àpò ẹran! Àpò yíìsì fúnra rẹ̀, inú fíríìjì ló ti wá, ó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata àti wàrà. Kí o fi Star San tàbí ọtí ìnu-nǹkan (alcohol) tó jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún nu àpò náà níta, ní igun tí o máa gé, kí o nu ojú àlùmọ́gàjí náà pẹ̀lú. Má lọ ra ìdá 95 torí o rò pé ó lágbára jù. Ìdá 70 ló ń pa bakitéríà dáadáa, torí omi tó wà nínú rẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́ láti wọ inú ara wọn. Ṣé o rántí lábù máíkíró ní Ifẹ̀, ọ̀gá wa tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí ìgò láìfi ẹnu rẹ̀ kọjá lórí iná Bunsen? A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Títí di òní, mo ṣì ń fi iná kan ẹnu ìgò mi kí n tó da yíìsì sí i. Bí ìwọ náà bá fẹ́ ṣe é, kí ọtí tí o fi nu nǹkan gbẹ tán, kí ìgò rẹ̀ sì jìnnà sí iná.

Ọ̀pá rọ́bà tí o fi fa omi malt láti ìkòkò sí ìgò, sọ ọ́ nù. O kò sọ pé ó ti pẹ́, àmọ́ o ní ó ti pọ́n. Rọ́bà tó bá ti pọ́n tàbí tí ara rẹ̀ ti ha, ojú ibi tó ha ni bakitéríà ń sá pamọ́ sí, kò sì sí sanitizer tó dé ibẹ̀. Kí o tiẹ̀ se malt nínú ìgò conical yẹn gan-an, ìgò lábù onídìí gbòòrò tí o ń lò fún starter, kí o má fi nǹkan kan gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn. Ju magnẹ́ẹ̀tì tó ń rò ó sínú rẹ̀ kí o tó gbé e kaná.

Nípa Star San, o bi mí bóyá kí o fi kún un. Rárá. Bíi mílílítà 1.5 sí lítà omi kan ti tó, kí ara nǹkan tutù pẹ̀lú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, kí o sì dà á dànù láìṣàn án. Ìfófòó tó kù kò ní ṣe nǹkan kan. Àmọ́ ohun tí kò mọ́, sanitizer ò lè sọ ọ́ di mímọ́. Ìdọ̀tí tó gbẹ mọ́ ìdí ìgò, àmì òrùka tí fófòó yíìsì fi sílẹ̀ ní ọrùn, ìyẹn gbọ́dọ̀ ti kúrò pátápátá, kí ọṣẹ náà sì ti ṣàn kúrò, kí sanitizer tó dé. Fi omi gbígbóná rẹ ẹ́ mọ́jú bí ó bá le. Kànìnkànìn onírin kò gbọ́dọ̀ kan ìgò náà.

O ní kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe é níbí láìsí Star San. Ìkòkò pressure ni. Mo ń gbé ìgò, fọ́ìlì, magnẹ́ẹ̀tì àti malt sínú rẹ̀, mo jẹ́ kó dé ìwọ̀n 121 Celsius fún ìṣẹ́jú 15, mo sì fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀ láìṣí ìdérí. Ohun tí omi híhó lásán kò lè pa, ó ń pa á. Hypo wà ní gbogbo ìsọ̀ ní Òkèsà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kì í fẹ́ràn rẹ̀. A gbọ́dọ̀ fi omi tí a ti sè ṣàn án kúrò, bí díẹ̀ bá sì ṣẹ́kù, klorín rẹ̀ á bá malt ṣe àdàlú, bíà á wá máa rùn bí ọsibítù. Má dà á pọ̀ mọ́ ọtí kíkan tàbí Star San láéláé, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ lè pa èèyàn. Dettol àti Izal, má tiẹ̀ gbé wọn sún mọ́ ibẹ̀.

Malt oníyẹ̀fun wọ́n níbí, nítorí náà ohun mímu malt inú ìgò ni mo ń lò. Kò burú rárá. Mo máa ń ka ẹ̀yìn ìgò kí n rí i pé kò ní òògùn ìpamọ́ nínú, mo fi omi là á títí háídírómítà, irinṣẹ́ tó ń wọn bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi, fi ka 1.040, mo sì sè é kí gáàsì rẹ̀ jáde. Ìwọ tó o rí malt rà, má ṣe bí tèmi.

O tún ní o fẹ́ se omi malt tó pọ̀, kí o rọ ọ́ sínú ìgò wàrà, kí o gbé e sí pẹpẹ kọ́bọ̀ọ̀dù. Bí o kò bá ní ìkòkò pressure, má ṣe é. Ásíìdì omi malt kéré, afẹ́fẹ́ kò sí nínú ìgò tó dé pa, spore (irúgbìn) bakitéríà Clostridium botulinum, tó ń ṣe májèlé, sì lè yè bọ́ nínú omi híhó. Májèlé rẹ̀ kì í ní òórùn. Sè é lọ́jọ́ tí o máa lò ó, tàbí kí o gbé e sí fírísà.

Kí o tó náwó sórí yíìsì tuntun, dán ara rẹ wò báyìí: se malt díẹ̀, ṣe gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí, gé àlùmọ́gàjí lófìfo lókè ẹnu ìgò bí ẹni ń gé àpò, ṣùgbọ́n má da yíìsì kankan sí i. Bò ó, gbé e sí ibi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá ṣì mọ́ kedere tí kò sì rùn, ọwọ́ rẹ ti mọ́, ra yíìsì. Bí ó bá dàrú tàbí tó hó, olè ṣì wà nínú ilé, kọ̀wé sí mi kí o ka gbogbo ohun tó fara kàn án fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i, títí kan aṣọ ìnuwọ́.

Háídírómítà mi ti sán lára, ó sì ti ń pa irọ́. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé ní oṣù kẹrin, fi ẹyọ kan rán an. Kí ìyàwó wa fún mi ní ògì rẹ̀ díẹ̀ náà, àmọ́ kó wà nínú àpò ọ̀tọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Káyọ̀dé