Ẹ Má Dá Ìjà Ọtí Jà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Bàbá Tíṣà,

Ọmọ àdúgbò wa kan wà ní ilé ìwòsàn bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó kàwé, ó mọ ènìyàn kí. Inú yàrá tó tì mọ́ra ni wọ́n ti bá a nílẹ̀, ọ̀rá ọtí àti ìgò kodín kún abẹ́ ibùsùn. Ìyá rẹ̀ ní ibà ni. Gbogbo àdúgbò náà ní ibà ni, Ọlọ́run á wò ó. Ọtí burú, mo mọ̀, ṣùgbọ́n dídá tó dá a mu, tó sì dá ìyà rẹ̀ jẹ, tí kò sí ẹnì kan nínú yín tó mọ̀, ohun tí kò jẹ́ kí n sùn nìyẹn.

Àbí ẹ mọ̀, ẹ kàn dákẹ́ ni?

Ọmọ-ọmọ mi fi fíìmù kan hàn mí, Bill W., tí wọ́n gbé jáde ní 2012, nípa ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mùtí tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti fi ọtí sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ gan-an, tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ni ẹ máa gbọ́ níbẹ̀. Bill Wilson ń ṣòwò ṣíà ní Wall Street, ọjà ṣíà ńlá ní New York, owó ń wọlé, ọtí náà ń wọlé. Ọjà dojú dé ní 1929. Ó di ẹni tó ń gbé ilé bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Brooklyn, tí Lois ìyàwó rẹ̀ ń lọ ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kí wọ́n tó jẹun. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ fojú inú wò ó. Ó kọ ìlérí sínú Bíbélì ilé pé òun kò ní mu mọ́. Ó tún mu. Ilé ìwòsàn gbà á, ó jáde, ó tún mu, títí di oṣù Kejìlá 1934 tó fi fi ìgò sílẹ̀.

Ibi tó gbà mí lọ́kàn ni Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, oṣù Karùn-ún 1935. Òwò tó bá lọ ti dà rú, owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ó dá wà nínú gbọ̀ngàn àbáwọlé hòtẹ́ẹ̀lì Mayflower. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń mutí ní báà lápá kan. Fóònù àti orúkọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wà lápá kejì. Ó gbé fóònù. Kò ní kí pásítọ̀ gbàdúrà fún òun o! Ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀mùtí kan tí òun lè bá sọ̀rọ̀, kí òun má baà tún mu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 ni dókítà ní òun máa fún un. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n lò. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún yẹn, tí dókítà mutí kẹ́yìn, ni ẹgbẹ́ wọn ń kà sí ọjọ́ ìbí.

Nígbà tí mò ń kọ́ni, tíṣà ìṣirò kan wà lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tí orí rẹ̀ le jù á gbọ́ ọ yé. Inú ìgò oògùn ikọ́ ló ń rọ ògógóró sí. Wọ́n á ní, "Tíṣà, ikọ́ yìí mà le o!" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ní ibà ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn, àwọn yẹn náà gbé e síwájú, bí ẹrù tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà. Ọmọ rẹ̀ àgbà ló gbé ìwé ìsìnkú wá fún mi.

Ẹ tún máa sọ pé, "Bàbá, mo lè fi í sílẹ̀ nígbà tó bá wù mí." Ó dáa, kó wù ọ́ lónìí. Ṣé ẹ rí i, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín! A kò mọ kodín láyé ìgbà tèmi, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn wà.

Àbí ojú ló ń tì yín? Orúkọ àbísọ ni wọ́n ń dá nínú ẹgbẹ́ Bill, kò sẹ́ni tó ń béèrè ọmọ ta ni ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ oyè ọ̀wọ̀ tí Yale fẹ́ fi dá a lọ́lá ní 1954. Wọ́n fi orúkọ pamọ́, wọn kò fi àrùn pamọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ayé mọ orúkọ, àrùn ló ń jẹ́ ibà.

Bill kò di áńgẹ́lì o. Sìgá kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ bọ̀rọ̀, àrùn ẹ̀dọ̀fóró ló sì pa á ní 1971. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti orí ọtí bọ́ sórí igbó, mo rí yín.

Ẹ̀yin òbí, ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú ẹni tí ọtí tàbí oògùn ti di bárakú fún. Ẹ má dúró kó di ọ̀rọ̀ wèrè kí ẹ tó lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ yẹn, mo mọ̀ yín, mi ò ní dárúkọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gba àlejò. Ẹ lọ jókòó tì í, ẹ má sì bi í léèrè nípa ibà.