Ẹ bá wa máa kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú eré 3SC, a fẹ́ fi ṣe dráfùtì

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Ọ̀rọ̀ ojú ewé eré ìdárayá yín ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, nígbàkigbà tí 3SC, Shooting Stars wa n'Ìbàdàn, bá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Adamásìngbà, ẹ má jẹ́ kí ìròyìn ẹ̀ parí sí pé wọ́n na àlejò wọn ní 2-1 àti orúkọ ẹni tó gbá a wọlé. Ẹ bá wa kọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún un, ẹni tó gba káàdì, ẹni tí wọ́n yọ àti ìṣẹ́jú tí wọ́n yọ ọ́, bọ́ọ̀lù mélòó ni aṣọ́lé mú. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é fún gbogbo kíláàbù NPFL, líìgì àgbà ilẹ̀ wa, inú wa á dùn jọjọ, àwa la máa ṣe èyí tó kù.

Fántásì la fẹ́ fi ṣe, eré téèyàn ti ń fi agbábọ́ọ̀lù gidi kó tíìmù tiẹ̀ jọ, irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní dráfùtì. Gbogbo ẹni tó ń wo Premier League n'Ìbàdàn ló ti mọ̀ ọ́n báyìí, láti Agbowó títí dé Challenge, wọ́n á fún ẹ ní 100 mílíọ̀nù páun orí fóònù, wàá fi ra agbábọ́ọ̀lù 15, o ò sì gbọ́dọ̀ mú ju 3 lọ nínú kíláàbù kan, ohun tí wọ́n bá wá ṣe lórí pápá gidi ló máa di póìntì ẹ, ẹni iwájú tó bá gbá góòlù wọlé póìntì 4, ẹni ẹ̀yìn póìntì 6, ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún un póìntì 3. Ó dùn gan. Ṣùgbọ́n ẹnì kan náà ni gbogbo wa lè rà, ibẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ní 2024/25 tí Salah kó póìntì 344 jọ, tí ẹnikẹ́ni ò kó irú ẹ̀ jọ rí, ta ni ò ní Salah? Ẹ wo gbogbo gúrúùpù WhatsApp, Salah ni kápútẹ́nì, ẹni tí póìntì ẹ̀ máa ń di ìlọ́po méjì, Haaland ló tẹ̀lé e, kí la wá ń bá ara wa dù?

Dráfùtì ló tán ìṣòro yẹn. Nínú dráfùtì, agbábọ́ọ̀lù kan ò lè wà lọ́wọ́ èèyàn méjì, tí mo bá ti mú Bukayo Saka, ó tán, àfi kí n jù ú sílẹ̀ kí ẹlòmíì tó rí i mú. Premier League fúnra wọn ti ní irú ẹ̀ láti 2017, àwọn èèyàn wa ni kì í dé ibẹ̀.

Ẹ wá wo bá a ṣe ṣe tiwa ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. A kọ orúkọ sínú bébà, a ká a, a kó o sínú fìlà, ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá jáde ṣáájú ló máa kọ́kọ́ mú, ẹni tó gbẹ̀yìn á mú méjì tẹ̀léra wọn, a ó wá máa padà láti ẹ̀yìn wá síwájú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí tíìmù gbogbo wa á fi kún. Káádíbọ́ọ̀dù wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ẹnì kan ń fi máákà kọ orúkọ síbẹ̀. Ó kan bùọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù, ó pa kílípà, ó ní Ola Aina. Ariwo ta! Àbúrò kan ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òun ni mo ń dúró dè látàárọ̀," wọ́n ní kó má bínú, ó ti wà lára ògiri. Ẹ gbà mí gbọ́, lórí fóònù, Aina kàn máa ń jẹ́ ẹni tí èèyàn fi owó kékeré rà kí owó Haaland lè pé ni, àmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹni ẹ̀yìn Nottingham Forest di ohun tí àgbàlagbà ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú eré yìí nìyẹn, ó ń jẹ́ kéèyàn mọ iyì ẹni tí ìròyìn ò dárúkọ. Kò sì sí kọ́bọ̀ níbẹ̀ o, mo ń sọ èyí fáwọn òbí tó ń rò pé tẹ́tẹ́ là ń ta.

Ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ bésíbọ́ọ̀lù l'Amẹ́ríkà, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì ń fi igi gbá a, ni fántásì ti gbajúmọ̀, olóòtú bíi tiyín ló sì dá a sílẹ̀, Daniel Okrent lorúkọ ẹ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1980, wọ́n fi orúkọ ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ti máa ń jẹun ní New York, La Rotisserie Française, pè é ní Rotisserie. Gbàǹjo ni wọ́n ń ṣe, ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù ló ń ra agbábọ́ọ̀lù, òfin tó sì gbajúmọ̀ jù títí dòní ni dọ́là 260 fún agbábọ́ọ̀lù 23, bó o bá náwó tán lórí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, kí lo fẹ́ fi ra ẹni tó máa jù ú? Kíláàbù bésíbọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń gbá eré 162 lọ́dún, kò tíì sí íntánẹ́ẹ̀tì nílé ẹnikẹ́ni nígbà náà, inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń ṣa gbogbo ìṣirò yẹn. Ìwé ìròyìn ibẹ̀ ti ń tẹ àkọsílẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan sínú tébù kékeré láti ayé Henry Chadwick, oníròyìn ìgbà 1859 lọ́hùn-ún, kí Okrent tó wá dé. Okrent náà tún fi kún un, torí fántásì yìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye èèyàn tí ajùbọ́ọ̀lù kan ń jẹ́ kó dé bésì, ibi tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sá lọ, nínú ìníìnì, ìyẹn ìpín eré, kọ̀ọ̀kan, ìṣirò yẹn ti wọ inú bésíbọ́ọ̀lù gidi báyìí, gbogbo kíláàbù ló ń lò ó.

Àwa ńkọ́? IICC tó di 3SC gba ife Áfíríkà, African Cup Winners' Cup, ní 1976, àwọn bàbá wa máa ń sọ ìtàn Segun Odegbami àti Muda Lawal títí ilẹ̀ á fi ṣú, ẹ ní kí ọmọ òní wá iye bọ́ọ̀lù tí Odegbami gbé fáwọn ẹlòmíì tó di góòlù lọ́dún yẹn, kò ní rí i, torí ẹni tó gbá a wọlé nìkan la máa ń kọ. Ó ń dùn mí gan-an ni. Àwọn tó ń gbá a fún 3SC lónìí náà á tún lọ báyẹn, ọ̀pọ̀ ò ní pẹ́ bá ilẹ̀ òkèèrè lọ, kò ní sí bébà kankan tó máa sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe n'Ìbàdàn.

Dráfùtì NPFL á sì le ju ti òyìnbó lọ. Ní líìgì wa, tíìmù tó gba àlejò ló sábà máa ń borí, nítorí náà, mímú aṣọ́lé tó dáa nìkan ò tó, wàá mú méjì tí kíláàbù wọn ò ní wà nílé lọ́jọ́ kan náà, kó o lè máa fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí agbábọ́ọ̀lù bá sì ṣí lọ láàárín sáà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ tébù nínú àwa tá à ń ta dráfùtì la máa jẹ́ kó kọ́kọ́ yan arọ́pò, kí ó má baà sú u kó fi eré sílẹ̀. Ọmọ Mọ́kọ́lá tó ní ẹni ẹ̀yìn Kwara United tàbí Remo Stars nínú tíìmù ẹ̀ á ra tíkẹ́ẹ̀tì wá sí Adamásìngbà lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, kì í ṣe torí 3SC nìkan.

Mo mọ̀ pé àyè ò tó nínú ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n tébù tí mo ń sọ yìí ò fẹ̀ ju àwòrán kan lọ, orúkọ 11 àti àwọn tó wọlé rọ́pò wọn, ìṣẹ́jú, góòlù, ẹni tó gbé e, káàdì, bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé mú, ó parí. Tí gbogbo líìgì bá pọ̀ jù, ẹ fi eré 3SC tó bá wáyé nílé bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tó máa jókòó kọ ọ́ ni ò sí, àwa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn máa ń wà ní pápá, a lè pín in láàárín ara wa, ẹnì kan máa wo aṣọ́lé, ẹnì kan máa wo káàdì, a ó sì kó o wá fún oníròyìn yín kó yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn