Wàsíwàsí: Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ni N Óò Máa Dáhùn

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin jànmọ́ọ̀ wa lọ́kùnrin lóbìnrin.

Ìbéèrè tí ó ń wọ orí fóònù mi jù lọ láàrin ìrun ìṣáì sí àsùbáà kì í ṣe lórí ogún pípín tàbí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya. Orí àlùwàlá ni, orí níyà (ìpinnu ọkàn kí a tó kírun) ni, orí èrò burúkú tí ẹnu kò fẹ́ sọ ni. Ẹnìkan yóò béèrè bóyá omi dé gbogbo ìgúnpá òun, n óò sì fèsì pé àlùwàlá rẹ̀ ti yege. Kò ní í pẹ́ tí yóò tún kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, “Ẹ má bínú, Àáfà, bí ó bá jẹ́ pé ibi kékeré kan ṣẹ́kù ńkọ́?” Bí mo bá ti dáhùn ìyẹn, òmíràn ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹ̀kọ́ ilé-kéú kò yé e. Àìsàn ni ó ń ti ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, èyí tí a ń pè ní wàsíwàsí: iyèméjì tàbí èrò burúkú tí kì í fi ọkàn ẹni sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tètè dé mọ́ṣáláṣí ti rí irú ọ̀dọ́kùnrin tí mò ń wí yìí nídìí ẹ̀rọ omi. Yóò fọ ọwọ́ ọ̀tún dé ìgúnpá, yóò yí i wò lábẹ́ iná, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Awọ ìka rẹ̀ ti hó, ó sì ti ń là. Nígbà tí ó bá fi máa wọlé, Lèmọ́mù ti wà ní ráká kẹta. Yóò kàbárà, yóò jọ ọ́ lójú pé níyà rẹ̀ kò dúró, yóò ju ọwọ́ sílẹ̀, yóò tún kàbárà, títí àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò fi sálámà. Àwọn kan láàrin wa ń yìn ín pé olùpáyà Ọlọ́hun ni. Èmi kò bá wọn yìn ín. Mọ́ọ̀dù kan ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, kí ikẹ́ àti ọlà máa bá a, fi ń ṣe àlùwàlá, ìyẹn ìwọ̀n ohun tí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lè bù lẹ́ẹ̀kan. Bútà kékeré tí ẹ rà ní Ọjà-Ọba gba omi ju ìyẹn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wa yìí a máa lo odindi garawa. Kò sí ẹni tí ó lè páyà Ọlọ́hun ju Ànábì lọ, nítorí náà ohun mìíràn ni èyí.

Irú kejì kì í hàn sójú, òun ni ó sì ń jẹ ènìyàn run nínú yàrá. Èébú sí Ọlọ́hun yóò ta sí ẹnìkan lọ́kàn gan-an nígbà tí ó forí kanlẹ̀ nínú ìrun, yóò sì máa tún kálímà ṣàhádà wí láti àárọ̀ dé alẹ́, nítorí ó rò pé òun ti di kèfèrí. Ìyálọ́mọ kan yóò rí ọ̀bẹ lórí tábìlì, èrò yóò sì sọ sí i pé bí òun bá fi gún ọmọ òun ńkọ́. Láti ọjọ́ náà yóò kó gbogbo ọ̀bẹ ilé fún ìyá ọkọ rẹ̀, kò sì ní fẹ́ dá wẹ ọmọ náà mọ́. Àwọn sàhábà kan wá bá Ànábì, wọ́n ní àwọn ń rí ohun kan nínú ọkàn àwọn tí ó burú ju kí àwọn fi ẹnu sọ ọ́ lọ. Ó bi wọ́n bóyá lóòótọ́ ni wọ́n rí i, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ní, “Ìgbàgbọ́ tí ó hàn kedere nìyẹn.” Ìmáàmù Muslim, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kó hàdíísì jọ, ni ó gba hàdíísì náà wá. Ẹ kíyè sí i pé kò tú ọkàn wọn wò, kò sì ní kí wọ́n tún ṣàhádà wí. Ìpayà tí ó mú wọn ni ẹ̀rí pé èrò náà kì í ṣe tiwọn. Bákan náà ni ti ìyálọ́mọ yẹn: nítorí pé ó kórìíra èrò náà ni ó ṣe ń sá fún ọ̀bẹ, kì í sì í ṣe òun ni ewu fún ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abiyamọ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó gbà pé a ń pa òun láṣẹ, tí kò sùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, ìyẹn kì í ṣe wàsíwàsí. Ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má sì fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan.

Àìsàn tí mò ń wí ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń pè ní OCD (obsessive-compulsive disorder), ìyẹn àìsàn èrò tí kì í kúrò lọ́kàn àti àṣetúnṣe. Bí 1 sí 3 nínú ènìyàn 100 ni ó máa ń mú nígbà ayé wọn, ìgbà ọ̀dọ́ ni ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Èrò tí kò wu ni a máa ta sí gbogbo ènìyàn lọ́kàn, yóò sì kọjá lọ. Ti oníwàsíwàsí kì í kọjá, nítorí pé ó ka èrò náà sí ọ̀ràn ńlá, àyà rẹ̀ já, ó sì ṣe nǹkan kan kí àyà náà lè balẹ̀: ó tún ara fọ̀, ó tún kàbárà, ó pe àáfà. Àyà balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti kọ́ pé àṣetúnṣe yẹn ni ó yọ òun nínú ewu. Ara tí ó ń yún ni. Bí a ti ń họ ọ́ ni yóò máa yún sí i. Èsì tí àáfà ń fún un lóru, àti ìyàwó tí ó ń sọ pé “ó ti mọ́, ó ti mọ́” ní ìgbà ogún lójúmọ́, wà lára ohun tí ó ń họ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Àwọn onímọ̀ wa ti rí èyí tipẹ́. Nínú mádíhábì Máliki, ìyẹn ọ̀nà òfin ẹ̀sìn tí a ń tẹ̀lé ní Ìlọrin, ẹni tí iyèméjì ń kọlù lójoojúmọ́ ní òfin tirẹ̀: kí ó má kọbi ara sí i, kí ó kà á sí pé ó ti ṣe ohun tí ó ń ṣiyèméjì lé lórí, kí ó forí kanlẹ̀ lẹ́yìn sálámà, ó parí. Ẹni tí iyèméjì ń bá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ní kí ó padà sórí ohun tí ó dá a lójú. Ó dùn mí pé òfin ti ẹni àkọ́kọ́ kì í sábà dé etí àwọn tí ó nílò rẹ̀, ti ẹnì kejì ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì ń fi ni ara wọn lára. Nígbà tí a bi Ibn Hajar al-Haytami, onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ayé àtijọ́, léèrè oògùn wàsíwàsí, ó ní kí a pa á tì pátápátá, bí ó ti wù kí iyèméjì náà pọ̀ tó.

“Pa á tì” rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń ṣe é fún ọdún púpọ̀ nílò ẹni tí yóò dì í lọ́wọ́ mú. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn kò sì jìnnà sí ohun tí àwọn onímọ̀ wa sọ. Olùtọ́jú àti aláìsàn yóò jọ to ohun tí ó ń dẹ́rù bà á láti orí èyí tí ó kéré dé èyí tí ó le; yóò fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò kúrò nídìí omi bí àyà rẹ̀ tilẹ̀ ń lù kìkì, yóò sì dúró láìṣe àtúnṣe kankan títí ìbẹ̀rù náà yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n lè fi oògùn bíi fluoxetine, sertraline tàbí clomipramine kún un. Oògùn wọ̀nyí kì í ṣe ti ọjọ́ kan: ó lè tó ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kí ìyàtọ̀ tó hàn dáadáa, èébì lè máa gbé ni ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ ṣàdédé dá wọn dúró láìsọ fún dókítà. Ẹni tí Rámàdánì bá bá lórí wọn lè béèrè bóyá ó ṣeé lò nígbà sààrì tàbí ìṣínu, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni púpọ̀ nínú wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ àlùjọ̀nnú ni. Ṣàítánì ń sọ̀rọ̀ sí ọkàn, Súrà Náásì sọ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú kíkà á. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá ń kà á nígbà mọ́kànlélógójì, tí ó sì ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ahọ́n bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wàsíwàsí ti wọ inú rúkíyà náà, ìyẹn Kùránì tí a ń kà fún ìwòsàn. Àáfà tí ó ń gba owó hàntú lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù kò ràn án lọ́wọ́, ẹni tí ó sì nà án tàbí tí ó dè é mọ́lẹ̀ ṣe àbòsí. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tí ó kú ní ọdún 934, ti kọ̀wé nípa wàsíwàsí gẹ́gẹ́ bí àìsàn tí ó yẹ kí a tọ́jú, ó sì ní kí ẹni tí ó ń ṣe má máa dá nìkan wà.

Nítorí náà, láti Jímọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni n óò máa dáhùn ìbéèrè kan náà láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan náà. Bí ó bá padà wá, n kò ní tún un ṣe. N óò kàn béèrè pé ọjọ́ wo ni kí a jọ lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Ìlọrin, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Budó-Ẹ̀gbá. Ẹ̀yin ará ilé rẹ̀, ẹ bá mi ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ kí ó má bàa rò pé ẹ ti kọ òun sílẹ̀. Ẹni tí ojú ń tì lè dúró sẹ́yìn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Àwọn obìnrin lè rán ọkọ tàbí arábìnrin wọn sí ìyàwó mi, kò sì sí ẹni tí a óò bi pé kí ni èrò náà jẹ́.