Ìkéde: Àbẹ̀wò sí Àwọn Ìdílé tí HIV Kàn

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́wàá àárọ̀, a máa pàdé nílé ìpàdé wa ní Òmù-Àrán ká tó pín ara wa lọ sílé àwọn ìdílé tí à ń ràn lọ́wọ́. Ẹ mú gàrí, ẹ̀wà, òróró àti ìwé ìkọ̀wé wá. Owó, ẹ fún akápò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ má sì ya fọ́tò. Bí àwọn aládùúgbò bá fura, ọmọ ló máa jìyà rẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ya ife àti abọ́ wọn sọ́tọ̀ nínú ilé tí wọ́n bí wọn sí, ó sì dùn mí wọra. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún yín, ẹ bá wọn jẹ ẹ́. Jíjẹun pọ̀ àti dídì mọ́ra kì í kó HIV ranni.

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2014 lòdì sí fífi HIV lé ọmọ kúrò níléèwé. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ irú rẹ̀, ẹ pè mí kíákíá.

Ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, kí n lè mọ iye ẹni tó ń lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́