Lẹ́tà sí Àkàndé: àwọn tó kọ̀ àti àwọn tó gbà nínú Double Indemnity

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ o, o kú iṣẹ́. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ti wo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o fi sínú rẹ̀ dáadáa. O fẹ́ kí òjìji bíláìndì fèrèsé tò gbọọrọ-gbọọrọ sára ògiri bíi ti Double Indemnity, fíìmù 1944 yẹn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fọ́tò rẹ kò yàtọ̀ sí ògiri tí èéfín ti pọ́n. O tún béèrè ta ló ṣe kí ni nínú fíìmù náà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwọn èèyàn, kí n tó bọ́ sórí iná rẹ. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa fíìmù yìí ni bí àwọn tó kọ̀ ọ́ ṣe pọ̀ tó, tí kíkọ̀ wọn sì wá ṣe é lóore.

James M. Cain ló ni ìtàn. Nínú fíìmù náà, Walter Neff tó ń ta adójútòfò àti Phyllis Dietrichson jọ pa ọkọ Phyllis nítorí owó, Keyes, ọ̀rẹ́ Neff tó ń yẹ ẹ̀tọ́ owó wò ní iléeṣẹ́ wọn, sì ń tọ ipasẹ̀ ọ̀ràn náà. Ìròyìn ẹjọ́ kan ní New York ní 1927 ló fa ọgbọ́n rẹ̀ yọ: Ruth Snyder àti Judd Gray, àlè rẹ̀, pa ọkọ obìnrin náà nítorí owó adójútòfò. Orí àga iná ni àwọn méjèèjì kú sí ní 1928. Ní 1935, kí ìtàn Cain tó jáde rárá, àwọn iléeṣẹ́ Hollywood ti ń du ú, àmọ́ Joseph Breen, tó ń bá wọn ṣọ́ òfin ìwà nínú fíìmù, kọ̀wé sí wọn pé irú rẹ̀ kò ṣeé gbé síta. Gbogbo wọn sá. Ìwé ìròyìn Liberty tẹ̀ ẹ́ jáde ní abala-abala ní 1936, ó sì sùn síbẹ̀ títí di 1943 tí Joseph Sistrom ti iléeṣẹ́ Paramount fi gbé e lé Billy Wilder, olùdarí fíìmù, lọ́wọ́.

Wilder yìí, Júù tó sá kúrò ní Jámánì ní 1933 ni. Charles Brackett ni wọ́n jọ máa ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n Brackett ka ìtàn náà, ó ní ìdọ̀tí ni, òun kò fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ Cain fúnra rẹ̀ dí ní iléeṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n ṣe lọ bá Raymond Chandler nìyẹn, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ti kọjá àádọ́ta ọdún, tí kò kọ ìwé eré kankan rí. 750 dọ́là lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san fún un. Nǹkan àkọ́kọ́ tó kọ wá kún fún ibi tí kámẹ́rà máa yà sí àti ibi tó máa dúró sí, Wilder sì dà á nù: iṣẹ́ ẹni tó di kámẹ́rà mú nìyẹn, kì í ṣe ti òǹkọ̀wé. Wọn ò fẹ́ràn ara wọn rárá. Chandler tiẹ̀ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni pé Wilder ń fi ọ̀pá juwọ́ sí òun lójú.

Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kan wà tí Chandler sọ tó gba fíìmù náà là. Ó ní ojú ni Cain kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn rẹ̀ fún, kì í ṣe etí. Wọ́n ní kí àwọn òṣèré kà á sókè, ó sì rí bó ṣe wí: ohun tó dùn lójú ìwé wá ń takókó lẹ́nu. Cain náà gbà bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá tún gbogbo ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà kọ. Bí o bá fẹ́ rí Chandler fúnra rẹ̀, ṣọ́ ìgbà tí Neff ń jáde kúrò ní ọ́fíìsì Keyes níbẹ̀rẹ̀: bàbá onígíláàsì tó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, tó ń kàwé, òun náà nìyẹn.

Ó wá ku òṣèré. George Raft, tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kó ṣe Neff, béèrè ìgbà tí ọkùnrin yìí máa ṣí kóòtù, tí a óò wá rí báàjì ọlọ́pàá lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kò sí báàjì, apànìyàn ni títí dópin. Ó ní kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Wilder wá lọ bá Fred MacMurray, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí aláwàdà àti afọnfèrè, tí òun náà ń bẹ̀bẹ̀ pé irú iṣẹ́ yìí ju agbára òun lọ. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an nìyẹn. Bí ìkà bá ti hàn lójú Neff láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ni yóò tẹ̀lé e? Ẹ̀rù ba Barbara Stanwyck tó ṣe Phyllis náà, àfi ìgbà tí Wilder bi í bóyá eku ni àbí òṣèré. Edward G. Robinson ni kò fẹ́ kí orúkọ òun wà nípò kẹta lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tó ti ń wà níwájú, àmọ́ ó gbà nígbẹ̀yìn. Ipa Keyes kò gùn tó ti àwọn yòókù, síbẹ̀ wo ibi tó ti ka oríṣiríṣi ọ̀nà tí èèyàn ń gbà pa ara rẹ̀ fún ọ̀gá wọn, láìmí, bí ẹni ń ka ìsọ̀rí ọjà. Lójú tèmi, kò sí òṣèré tó bá a dọ́gba nínú fíìmù náà.

Wíìgì Stanwyck ni àwọn èèyàn ń fi ṣẹ̀sín jù. Buddy DeSylva, ọ̀gá Paramount, ní Stanwyck lòun gbà síṣẹ́, George Washington, ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí irun rẹ̀ funfun, ló wá dé. Wọ́n ti yàwòrán jìnnà kí ó tó hàn pé ó burú, kò sì ṣeé yí padà mọ́. Wilder wá sọ lẹ́yìn náà pé ayédèrú lòun fẹ́ kó jọ. Bóyá òtítọ́ ni, bóyá àwíjàre ni, ó bá ìwà Phyllis mu.

Nísinsìnyí, iná. John F. Seitz ló di kámẹ́rà mú, àgbà ayàwòrán tó ti wà nídìí iṣẹ́ láti ìgbà fíìmù tí kì í sọ̀rọ̀. Wilder fẹ́ kí ilé Dietrichson jọ ilé tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀. Inú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ti ń gba àárín bíláìndì wọlé, tí eruku sì ń fò nínú rẹ̀. Eruku gidi kì í hàn lójú kámẹ́rà, nítorí náà Seitz fẹ́ lẹ́búlẹ́bú àlúmíníọ́mù sínú afẹ́fẹ́ kété kí wọ́n tó yà á. Má dán ìyẹn wò o. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè gbiná. Èéfín ẹ̀rọ orí ìtàgé tó bá fẹ́lẹ́ ti tó, bí iná bá sáà ti wá láti ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀nà kámẹ́rà. Bí iná bá wà lẹ́bàá kámẹ́rà, èéfín náà kò ní jọ nǹkan kan ju kùrukùru lọ.

Ohun tó ba tìrẹ jẹ́ ni ojú iná rẹ. O ní pẹpẹ LED tó fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà ni, bíláìndì wà ní mítà 1 síwájú rẹ̀, ògiri sì tún wà ní mítà 2 lẹ́yìn bíláìndì. Ìṣirò bí etí òjìji ṣe máa fẹ̀ tó nìyí: mú fífẹ̀ ojú iná, sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n àárín bíláìndì sí ògiri, kí o fi ìwọ̀n àárín iná sí bíláìndì pín in. Tìrẹ jẹ́ 120 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn ni pé etí òjìji kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju mítà kan lọ, wọ́n gorí ara wọn, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Wá iná tí ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, má fi aṣọ tàbí ike funfun bò ó, sún un sẹ́yìn di mítà 4 sí bíláìndì, kí bíláìndì wà ní mítà 1 sí ògiri. Etí òjìji yóò wá di sẹ̀ǹtímítà kan ó lé díẹ̀, yóò mú bí ọ̀bẹ.

Bí bíláìndì rẹ bá jẹ́ èyí tí pẹlẹbẹ rẹ̀ tín-ín-rín, fi í sílẹ̀. Gé páálí ní sẹ̀ǹtímítà 5, kàn wọ́n mọ́ férémù pákó, kí o fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sáàárín wọn. Òṣèré kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí férémù ju ògiri lọ, nítorí bó bá ṣe ń jìnnà ni ìlà ara rẹ̀ ń rọ̀. Lẹ tépù mọ́lẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa dúró sí kí ìlà ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sójú rẹ̀ gan-an, kì í ṣe sí imú. Pa gbogbo iná yòókù. Ògiri funfun tó wà lódìkejì náà jẹ́ iná, ó ń da ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji. Ta aṣọ dúdú bò ó. Kí o tó yà á, wọn ìmọ́lẹ̀ ní ojú ìlà tó mọ́lẹ̀, kí o sì fi ìwọ̀n yẹn sórí kámẹ́rà, kó má lè yí i padà. Bí o bá fi í sílẹ̀ kó máa yan fúnra rẹ̀, á rí òkùnkùn, á gbìyànjú láti là á, ìlà rẹ yóò sì di eérú padà.

Àwọn yòókù nínú òṣìṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Hans Dreier àti Hal Pereira ló ya àwọn ilé inú fíìmù náà, Edith Head ló ni aṣọ, Doane Harrison ló bójú tó gígé. Ará Hungary ni Miklós Rózsa tó kọ orin. Ọ̀gá ẹ̀ka orin Paramount kórìíra orin náà, DeSylva ló fọwọ́ sí i.

Fi ojú sí ilẹ̀kùn yàrá Neff. Ìta ló ń ṣí sí, nígbà tí ilẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣí sínú. Wọ́n mọ̀. Bí kò bá ṣí síta, Phyllis kò ní ríbi sá pamọ́ sí nígbà tí Keyes ń jáde, kò sì sí ẹni tó ń ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ torí ọkàn ti wà lókè. Òrùka ìgbéyàwó tó wà lọ́wọ́ MacMurray, tí Neff kò sì níyàwó, àṣìṣe ni tiẹ̀.

Ibi tí mọ́tò ti kọ̀ tí kò ṣíná lẹ́yìn tí wọ́n gbé òkú sórí irin rélùwéè, kò sí nínú ìwé. Wilder ń lọ jẹun ọ̀sán, mọ́tò tirẹ̀ kò ṣíná, ó sì sáré padà láti tún ìran náà yà. MacMurray ń yí kọ́kọ́rọ́ kíákíá, Wilder ń ní kó pẹ́ sí i, kó tún pẹ́ sí i, títí MacMurray fi rò pé kò sí òǹwòran tó máa fara dà á. Wọ́n fara dà á.

Wọ́n kan yàrá gáàsì ní sítúdíò, wọ́n yà á bí wọ́n ṣe pa Neff níbẹ̀ tí Keyes ń wò ó, owó ńlá ló sì lọ sí i. Wilder yọ ọ́. Ìdí ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Neff ti ń fi èékánná ṣá ìṣáná láti tan sìgá Keyes, ẹni tí kì í ní ìṣáná lọ́wọ́ rí. Ní ìkẹyìn, Neff wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò lè ṣá a mọ́, Keyes ló wá ṣá a fún un. Lẹ́yìn ìyẹn kò sí ohun tí yàrá gáàsì tún fẹ́ sọ.

Gbé iná yẹn sẹ́yìn kí o tó ra ohunkóhun o. Fi fọ́tò tuntun ránṣẹ́ sí mi, kí o kọ ìwọ̀n mítà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàmú